Prince Hall àti Ìwé Àṣẹ Lọ́ọ̀jì Áfíríkà

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé oyè yàtọ̀ sí àṣẹ. Ènìyàn lè jẹ oyè ní ìlú, kí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, kí wọ́n sì máa kí i ní kíkí olóyè, ṣùgbọ́n bí ó bá dìde pé òun fẹ́ fi ẹlòmíràn jẹ oyè, àwọn àgbà yóò bi í léèrè pé, “Ta ni ó fún ọ ní àṣẹ?” Ẹni tí kì í ṣe afọbajẹ kò lè fi ọba jẹ. Bí ó ti rí ní ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ẹgbẹ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí jẹ́ ti àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n gba oyè nínú ẹgbẹ́ Freemason ní àkókò tí wọ́n ṣì ń ta àwọn ènìyàn bíi tiwọn lọ́jà. Oyè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n ti wá àṣẹ náà, bí wọ́n ti rí i, àti bí àwọn kan ti fi òfin dí ọ̀nà mọ́ wọn fún nǹkan bí igba ọdún, èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ Freemason jẹ́. Ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àwọn ọkùnrin ni, tí ó fi iṣẹ́ àwọn tí ń gbẹ́ òkúta kọ́lé láyé àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ ìwà rere. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àmì kọ́ńpáàsì àti irin tí wọ́n fi ń wọn igun ilé lára ilé ìpàdé wọn. Ẹgbẹ́ wọn ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní Lọ́ọ̀jì. Ọ̀pọ̀ Lọ́ọ̀jì a sì máa wà lábẹ́ Lọ́ọ̀jì Àgbà kan, tí ń ṣe òfin fún gbogbo wọn. Ní ọdún 1723 ni James Anderson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó jẹ́ ará Scotland, tẹ ìwé òfin ẹgbẹ́ náà jáde fún Lọ́ọ̀jì Àgbà ti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú òfin wọ̀nyí, ẹ di méjì mú, nítorí a ó tún padà bá wọn pàdé. Èkínní: àwọn ọkùnrin kan kò lè kóra jọ kí wọ́n sì pe ara wọn ní Lọ́ọ̀jì bí wọn kò bá gba àṣẹ. Èkejì: ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbà wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a bí ní òmìnira, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹrú.

Oyè inú ẹgbẹ́ náà pín sí ìpele ìpele. Mẹ́ta ni ìpìlẹ̀: ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, oníṣẹ́, àti ọ̀gá. Lórí mẹ́ta yìí ni wọ́n ti kọ́ àwọn ìpele gíga mìíràn lé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Royal Arch jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1801 pẹ̀lú, ní ìlú Charleston ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ìgbìmọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ tí ń darí ètò tí ìpele rẹ̀ ga dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ará ìta a máa rò pé ẹni tí ó bá dé ìpele kẹtàlélọ́gbọ̀n ni olórí gbogbo wọn, tí ń pàṣẹ fún ẹni tí ó wà ní ìpele kẹta. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí oyè ẹni ti wù kí ó ga tó, nígbà tí ó bá wọ Lọ́ọ̀jì, abẹ́ òfin Lọ́ọ̀jì ni ó wà, abẹ́ ọ̀gá tí àwọn ará yàn sípò ni ó sì wà. Àwa Yorùbá kò ṣàì mọ irú èyí. Nínú Ògbóni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orísun rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Freemason, Olúwo ní ipò tirẹ̀, Apènà ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí oyè rẹ̀ ga ju ilẹ̀ tí gbogbo wọn jọ mu lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Boston. Ní nǹkan bí ọdún 1735 ni wọ́n bí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Prince Hall. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Kì í ṣe ọmọ ọba. Ẹrú ni ní ilé William Hall, oníṣẹ́ awọ kan ní Boston. Ní ọdún 1770 ni William Hall kọ ìwé pé ọkùnrin náà ti di òmìnira. Iṣẹ́ awọ tí Prince Hall kọ́ lóko ẹrú náà ni ó sì fi ń jẹun lẹ́yìn tí ó di òmìnira. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun, ó ta awọ ìlù márùn-ún fún ẹgbẹ́ ológun kan ní Boston ní ọdún 1777. Ẹ rí i pé kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé ńlá. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, tí ó mọ̀wé níwọ̀n, tí ó sì mọ ohun tí ó ń wá.

Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Boston, àwọn kan nínú wọn sì ní Lọ́ọ̀jì tí ń bá wọn rìn láti ibùdó dé ibùdó. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 441, abẹ́ Lọ́ọ̀jì Àgbà ti ilẹ̀ Ireland ni ó sì wà. Sájẹ́ǹtì kan tí ń jẹ́ John Batt ni ó mú Prince Hall àti àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́rìnlá mìíràn wọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 1775 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ń kà títí di òní. Àwọn kan tí wọ́n yẹ ìwé àtijọ́ wò sọ pé 1778 ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́, nígbà tí ogun tú àwọn ọmọ ogun náà kúrò ní Boston, wọn kò fi ìwé àṣẹ kankan sílẹ̀ fún àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí. John Rowe, tí ó jẹ́ olórí apá kan ẹgbẹ́ náà ní Boston, yọ̀ǹda ohun méjì péré fún wọn: kí wọ́n máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́, kí wọ́n sì máa sin òkú wọn bí ẹgbẹ́ ti ń sin òkú. Ìyọ̀ǹda náà kò fún wọn ní àṣẹ láti mú ẹni tuntun wọlé, tàbí láti gbé ẹnikẹ́ni láti ìpele kan sí èkejì.

Ẹ rò ó wò. Ẹgbẹ́ tí ó lè sin òkú ṣùgbọ́n tí kò lè gba ọmọ tuntun, kí ni òpin rẹ̀? Bí àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà bá kú tán, ẹgbẹ́ tán nìyẹn. Oyè wọn ìbá bá wọn wọ inú sàréè.

Prince Hall kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1784 ó kọ̀wé sí William Moody, ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ ohun tí wọ́n ní àti ohun tí wọn kò ní, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wọn tọrọ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Lọ́ọ̀jì Àgbà. Lọ́ńdọ̀nù gbà. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1784 ni ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé náà. Orúkọ tí ó fún wọn ni Lọ́ọ̀jì Áfíríkà, nọ́ńbà 459. Ó fi Prince Hall ṣe Ọ̀gá, ó sì fi Boston Smith àti Thomas Sanderson ṣe igbákejì rẹ̀. Ó fún wọn ní àṣẹ láti mú ènìyàn wọ ẹgbẹ́, láti gbé wọn ga, àti láti ṣe òfin abẹ́lé fún ara wọn. Ó sì pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n máa fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti owó àánú ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìwé náà pẹ́ lọ́nà. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 1787 ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, James Scott, tó mú un dé Boston. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí ó tún lè bi wọ́n léèrè pé ta ni ó fún wọn ní àṣẹ.

Kí ni wọ́n wá fi ìṣọ̀kan wọn ṣe? Àwọn kan rò pé ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ kò mọ̀ ju oúnjẹ àti àṣírí lọ. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ìwé àṣẹ náà tó dé ni Prince Hall ti wà lára àwọn ọkùnrin dúdú tí wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1777 pé kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1787, ó tún kọ̀wé pé àwọn ènìyàn dúdú ń san owó orí bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò sí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Kò rí ohun tí ó béèrè gbà, ṣùgbọ́n kò dákẹ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 1788, ọ̀ràn ńlá kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n tan àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́ta, tí gbogbo wọn jẹ́ òmìnira, wọ inú ọkọ̀ kan ní èbúté Boston pé iṣẹ́ wà fún wọn níbẹ̀. Bí wọ́n ti wọlé ni ọkọ̀ gbéra, ó di erékùṣù West Indies, níbi tí wọ́n fẹ́ tà wọ́n sí. Prince Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kálámù. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn aṣòfin, wọ́n béèrè pé òmìnira wo ni ó kù bí wọ́n bá lè jí ọmọ ènìyàn gbé lójú ọ̀sán gangan. Kí oṣù Kẹta tó parí, Massachusetts ti ṣe òfin tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn ará ìpínlẹ̀ náà. Gómìnà John Hancock pẹ̀lú sì kọ̀wé sí àwọn alákòóso erékùṣù wọ̀nyẹn. Àwọn mẹ́ta náà padà sílé ní ọdún yẹn kan náà. Jeremy Belknap, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Boston, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Freemason, àti pé oníṣòwò tí wọ́n fẹ́ tà á fún jẹ́ Freemason pẹ̀lú. Bí àwọn méjèèjì ṣe dá ara wọn mọ̀ nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

Lọ́ọ̀jì náà dàgbà. Ní ọdún 1797, àwọn ọkùnrin dúdú ní Philadelphia àti ní Providence dá Lọ́ọ̀jì sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Prince Hall. Absalom Jones, tí ó jẹ́ olókìkí nínú àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run dúdú, ni Ọ̀gá ti Philadelphia. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà Prince Hall bá àwọn ará rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìletò Menotomy nítòsí Boston. Ó rán wọn létí ìyà tí àwọn ọmọ oníjàgídíjàgan fi ń jẹ wọ́n ní òpópónà Boston. Ó ní kí wọ́n mú sùúrù, kí wọ́n sì wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn dúdú ní erékùṣù àwọn Faransé, ibi tí a mọ̀ sí Haiti nísinsìnyí, níbi tí ẹrú ti ń já ẹ̀wọ̀n.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ kíyè sí. Ní ọdún 1792, akọ̀wé Lọ́ọ̀jì Àgbà ti Lọ́ńdọ̀nù, William White, kọ̀wé sí Prince Hall pé kí ó bá òun wádìí àwọn Lọ́ọ̀jì mìíràn tí ó wà ní Boston, bóyá wọ́n ṣì ń pàdé. Ọkùnrin tí àwọn aláwọ̀ funfun Boston kò bá jókòó ní ìpàdé ni Lọ́ńdọ̀nù ń bi léèrè nípa wọn! Ní ọdún náà gan-an ni àwọn Lọ́ọ̀jì Àgbà méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun ní Massachusetts di ọ̀kan. Wọn kò pe Lọ́ọ̀jì Áfíríkà sí i.

Prince Hall kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1807. Nígbà náà lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù ti dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1813, àwọn Lọ́ọ̀jì Àgbà méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ̀tá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parí ìjà wọn; àwọn ọmọ ọba méjì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ni wọ́n ṣe olórí wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìpele mẹ́ta ni Freemason tòótọ́, pẹ̀lú Royal Arch tí ó parí wọn. Nígbà tí wọ́n sì ń to orúkọ àwọn Lọ́ọ̀jì lọ́tun, wọ́n pa orúkọ Lọ́ọ̀jì Áfíríkà rẹ́, pẹ̀lú ti àwọn mìíràn tí kò fi owó àti ìwé ránṣẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn ará Boston.

Ní ọdún 1824, àwọn tí wọ́n gba ipò Prince Hall tún kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbí ni ọ̀rọ̀ ìpele gíga ti wọ ìtàn wọn. Wọ́n ní ìwé àṣẹ ọdún 1784 kò fún wọn láàyè ju ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan nínú wọn sì ti gba oyè Royal Arch. Nítorí náà wọ́n bẹ Lọ́ọ̀jì Àgbà kí ó tún ìwé àṣẹ wọn ṣe, kí wọ́n lè máa fi àwọn ìpele yòókù jẹ pẹ̀lú. Ẹ rí i bí òfin ti jinlẹ̀ lọ́kàn wọn tó! Wọ́n ti ní oyè náà, wọ́n sì jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ta ni ìbá mú wọn bí wọ́n bá ń fi jẹ ní ìkọ̀kọ̀? Síbẹ̀ wọ́n tọrọ àṣẹ. Èsì kò dé. Wọ́n dúró ọdún mẹ́ta. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1827, John Hilton tí ó jẹ́ Ọ̀gá wọn àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn Boston pé láti ìgbà náà lọ wọn kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ni yóò máa ṣe àkóso ara wọn.

Láti ìgbà náà ni àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ti fi òfin méjì ṣe odi sí wọn. Èkínní ni òfin ẹni tí a bí ní òmìnira. Wọ́n ní ẹrú tí a dá sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a bí ní òmìnira. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn bàbá wa wí? Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Lọ́ọ̀jì Àgbà ti Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ tún òfin yìí ṣe ní ọdún 1847, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá àwọn ẹrú West Indies sílẹ̀: ó ní kí ènìyàn ṣáà ti jẹ́ òmìnira, ó tó. Òfin kejì ni pé ọba kì í pé méjì láàfin: Lọ́ọ̀jì Àgbà kan ṣoṣo ni ó gbọdọ̀ wà ní ìpínlẹ̀ kan. Bí ti aláwọ̀ funfun bá ti wà níbẹ̀, ti dúdú di èyí tí kò bófin mu. Òfin náà dára fún ìṣètò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dí ilẹ̀kùn mọ́ ọ kò lè tún máa fi ọ́ ṣẹ̀sín pé o kò wọlé.

Àwọn kan wà nínú àwọn aláwọ̀ funfun tí ọ̀ràn yìí dùn. Ní ọdún 1898, Lọ́ọ̀jì Àgbà ti ìpínlẹ̀ Washington sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́ ni àwọn ọmọlẹ́yìn Prince Hall. Kíá ni àwọn Lọ́ọ̀jì Àgbà ìpínlẹ̀ mìíràn gé àjọṣe wọn kúrò, títí Washington fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. William Upton, tí ó jẹ́ olórí níbẹ̀ nígbà náà, kò yí tirẹ̀ padà. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1906, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpín-ogún rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé òkúta ìrántí kankan sórí sàréè òun títí di ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ dúdú àti funfun yóò lè jọ dúró níbẹ̀ bí ọmọ ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni sàréè náà wà láìní òkúta.

Ní ọdún 1947, Massachusetts fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn ọmọ Prince Hall tọ̀nà. Nígbà tí ó di 1949, ìhalẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn mú kí ó jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọdún 1989 ni ilẹ̀kùn tó ṣí gan-an, nígbà tí àwọn Lọ́ọ̀jì Àgbà méjèèjì ní Connecticut, ti dúdú àti ti funfun, gba ara wọn. Washington tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Ní ọdún 1991, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúdú àti funfun jọ dúró lórí sàréè William Upton, wọ́n sì gbé òkúta rẹ̀ kalẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fún Prince Hall ní ìwé àṣẹ, tí ó sì tún pa orúkọ Lọ́ọ̀jì rẹ̀ rẹ́, gba Lọ́ọ̀jì Àgbà Prince Hall ti Massachusetts padà ní ẹgbẹ́ tí ó bófin mu.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ lè bi mí pé èwo ni ti yín nínú ọ̀ràn Freemason. N kò sọ pé kí ẹ lọ wọ ẹgbẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni nínú yín tí kò ní wà nínú ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ iwájú, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ rántí pé òfin ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ó ga ju oyè lọ. Kí ẹ sì tún rántí pé ẹni tí ó ní òfin lọ́wọ́ lè fi í ṣe ilẹ̀kùn, ó sì lè fi í ṣe odi. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ka òfin sí yín létí, ẹ béèrè èwo ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ẹ sì máa tọ́jú ìwé yín. Prince Hall a máa da lẹ́tà tí ó bá kọ kọ sínú ìwé kan, kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́; nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ ohun tí ó bá Lọ́ńdọ̀nù sọ. Ní ọdún 1869 iná jó ilé tí ìwé àṣẹ náà wà. Wọ́n yọ ọ́ nínú iná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru iná ti bà á. Ó wà ní ìpamọ́ ní Boston títí di òní. Ká ní ó jóná ni, tàbí pé ẹnì kan sọ ọ́ nù, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo ẹjọ́ wọn ìbá dà. Ìwé kan ṣoṣo náà ni àwọn ọmọ wọn gbé jókòó tì fún igba ọdún, títí ẹni tí ó kọ ọ́ fi gbà pé òótọ́ ni òun kọ ọ́.